Bàbá Mi-Ò-Bọ́ọ́lẹ̀ àti Bọ́ọ̀sì Tí Kò Rìn

Bàbá Mi-Ò-Bọ́ọ́lẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọ̀gá gáréèjì tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n sin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Inú ló ń bí i títí tó fi sùn, kò sì jí mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bí kì í bá ṣe pé ara rẹ̀ ti tutù, òun ì bá rò pé ó ṣì ń bínú lọ ni, nítorí ojú rẹ̀ le koko.

Ọjọ́ tí káńsù ṣí bọ́ọ̀sì tó ń lo iná mànàmáná ló gba orúkọ náà. Owó ńlá ni wọ́n yá fi ra bọ́ọ̀sì ọ̀hún. Wọ́n ní kò ní tú èéfín, kò ní jẹ epo, ọ̀nà ilé ìwòsàn orí òkè ni yóò sì máa ná. Èyí ló dùn mọ́ Bàbá jù, nítorí orúnkún ìyàwó rẹ̀ ti bàjẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń gba ìtọ́jú. Alága gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n kó àwọn àgbàlagbà sínú ọkọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ ní, "Ẹ máa bọ́ọ́lẹ̀, a ti ṣe tán."

"Ibo la dé?" Bàbá bi í. "Mo ti sanwó ọkọ̀."

"Bàbá, kò lè rìn. Wọn ò tíì ní owó ibi tí wọ́n á ti máa ṣáàjì rẹ̀."

"Wọ́n yáwó ra ọkọ̀, wọn ò yá ti iná? Owó kéèkì tí wọ́n gé ńkọ́? Owó àtíbàbà ńkọ́? Mi ò bọ́ọ́lẹ̀!"

Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ òun náà, ó jókòó tì í. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó tiro wá.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ò ní wá jẹun ni?"

"Ìyá wọn, wọlé jókòó. Ibi tí à ń lọ ni wọ́n máa gbé wa dé."

Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní láti fi lọ́rì fa bọ́ọ̀sì náà gun òkè, Bàbá ń juwọ́ sí àwọn ará àdúgbò láti ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ṣéńjì.

Bọ́ọ̀sì ò tún rìn mọ́. Koríko hù yí táyà rẹ̀ ká. Káńsù wá pe ìpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa rí owó iná, ni àwọn káńsẹ́lọ̀ bá gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, ẹnì kan ọkọ̀ kan. Àwọn awakọ̀ wọn ò pa ẹ́ńjìnnì, kí inú ọkọ̀ lè máa tutù dè wọ́n. Bàbá jókòó ní ibùdókọ̀ ẹnu géètì káńsù, ó ń wò wọ́n, orí rẹ̀ gbóná. Ó dúró sáàárín wọn, ó fi ohùn ọ̀gá gáréèjì pariwo: "Ó ti kún! Ẹ gbéra! Ẹ má dúró dẹnìkan!" Awakọ̀ kankan ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn wa ọkọ̀ lọ, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ jáde, oòrùn ti mú, ibùdókọ̀ tí Bàbá ti padà jókòó sí nìkan ló kù fún wọn.

"Bàbá, ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì máa ń dé síbí?" Alága bèèrè.

"Ọmọ mi, ìwọ gan-an ni mo jókòó dè láti bi."

Lánàá ni alága wá kí opó. Ó ní owó iná bọ́ọ̀sì ti wá jáde, ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi tún ibi ìgbọ́kọ̀sí káńsù ṣe. "Màmá, ẹ má mikàn. Orúkọ Bàbá la máa fi pe ibẹ̀. Orúkọ wọn á hàn gàdàgbà gàdàgbà lẹ́nu géètì."

Opó tẹjú mọ́ ọn. "Èmi ń tiro gun òkè, ọkọ̀ tìrẹ lo fẹ́ kọ́lé fún? O tún fẹ́ lẹ orúkọ ọkọ mi mọ́ ọn? Bó bá gbọ́, á jí!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó rín in títí ó fi di ẹkún. "Gbogbo ariwo tó ń pa káàkiri yẹn," ó ní, "nítorí orúnkún mi ni."

Ó nu ojú, ó bèèrè ọjọ́ tí káńsù máa ṣèpàdé pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe.

"Ọjọ́bọ̀, Màmá, aago mẹ́wàá. Àmọ́ ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

"Màá wà níbẹ̀."

Káńsù jìnnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e dáadáa. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn ń bá a lọ. Obìnrin aránṣọ òdìkejì ọ̀nà máa gbé àga dání, kó lè máa rí ibi sinmi. Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀, ni wọ́n máa gbéra.