Ìgò Kékeré Tí Kò Dé Ìbàdàn

Ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orí pẹpẹ ni mo gbé e sí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ìgò ike ni, kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ, ìdérí rẹ̀ pupa. Ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo ń fi í ṣe, mo máa ń sọ fún un pé ìgò tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ fi pa ọmọ mi ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Mo fẹ́ kó le.

Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, Ọ̀yọ́ ló ń gbé, nínú agbo ilé bàbá wọn. Àǹtí ni mo ń pè é lójúkojú, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí n tó kí i, torí ọkọ ni òun náà jẹ́ sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", kí n fi ọ̀wọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́. N kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni bírò wà lónìí.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó ní inú ń lọ́ òun, kò lè jẹun tán, ó ń bì, egungun èjìká rẹ̀ sì ń yọ síta bí ikùn rẹ̀ ti ń yọ síwájú. Mo ra oògùn aràn fún un ní Sábó. Mo ní kó dúró nílé ná, kó má lọ sí ilé ìwé. Nígbà tó di pé kò lè yàgbẹ́ mọ́, tó sì ń bi nǹkan aláwọ̀ ewé, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ jáde, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní apá kan ìfun ọmọ náà ti kó wọ inú apá kejì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká ọwọ́ ẹ̀wù sínú, kókó kan ló sì fà á. Òun ti tú ìfun náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kókó náà ti tàn ká, kò ṣeé gé tán, díẹ̀ ni òun mú nínú rẹ̀. Ó na ìgò ike náà sí mi. Nínú omi kan tó ń ta síni nímú, mo rí ẹran kékeré kan tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà méjì.

Ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. Kókó inú ìfun ọmọdé lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ inú, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ náà sì jẹ́ oríṣiríṣi. Ojú lásán kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, oògùn ọ̀kan sì lè pa ẹni tí òmíràn ń bá jà. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́, Ìbàdàn ni ibi iṣẹ́ wọn wà. Ó ní irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í fi àkókò ṣòfò lára ọmọdé, kí ìgò náà má ṣe sùn sójú ọ̀nà.

N kò lè fi ọmọ sílẹ̀. Ọkọ mi ń wa tírélà, Kánò ló wà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá bá mi jókòó, ó sì ń padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kejì, láti Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kò sì jìnnà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà fún un pẹ̀lú ìwé dókítà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun fúnra òun ni yóò gbé e débẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, mo pè é lórí fóònù, ó ní wọ́n ní ká máa retí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni oníṣẹ́ abẹ ń bi mí pé èsì dà. Ikùn ọmọ mi tún ń ga lábẹ́ ojú rírán náà, ara rẹ̀ sì ti rù débi pé nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù máa ń bà mí láti fi kànìnkàn kàn án. Dókítà kò lè fún un ní oògùn gidi kankan, torí kò mọ ohun tó ń bá jà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, mo bẹ nọ́ọ̀sì kan kó bá mi fojú sí ọmọ, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo gba Ìbàdàn lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ṣí ìwé ńlá kan, ó ń fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Ó ní kí n má bínú, ìgò kankan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ní orúkọ yẹn.

Ọ̀yọ́ ni mo ti sọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀. Iwájú ilé ni mo bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ń fi ọwọ́ rán fìlà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgò ọmọ mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ pupa, orúkọ ọmọ mi ṣì wà lára pílásítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ ló kó sínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹran inú ìgò yìí dà?"

Kò tilẹ̀ fi í pamọ́. Ó fi ọwọ́ júwe ẹ̀yìnkùlé, ìdí igi ọsàn tí wọ́n sin ibi-ọmọ sí lọ́jọ́ tí mo bí ọmọ náà.

"Mo ti sin ín. Ẹran ara ọmọ wa ni. Ṣé ọwọ́ àjèjì ló yẹ ká kó o lé, tí wọ́n á máa gé e wẹ́wẹ́? Ohun tí wọ́n bá gé lára ọmọ ènìyàn, ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló ni ín."

Ó ní òun fọ̀ ọ́, òun fi aṣọ funfun wé e, òun sì ṣe àdúà sí i. Mo bi í pé èé ṣe tó wá ń parọ́ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé n kò ní í gbà, pé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí òyìnbó oníwàásù tọ́ dàgbà, a kì í ka irú nǹkan wọ̀nyẹn sí. Mo da abẹ́rẹ́ rẹ̀ sórí ẹní, mo mú ìgò mi. Mo búra nínú ọkàn mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí obìnrin yìí yóò kúnlẹ̀ fún mi níwájú gbogbo ẹbí, n kò sì ní í ní kó dìde.

Wọ́n tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi láti mú ẹran mìíràn. Ìgò kejì, èmi ni mo gbé e, mo fi ọ̀já dì í mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń gba Ọ̀yọ́ kọjá, mo kọ ojú sí apá kejì.

Lińfómà ni. Dókítà ní jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ọmọ ogun tó ń bá wa lé àrùn ni, àti pé èyí tó fi ìfun ṣelé bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú ọmọdé, òun kò rí i ju ẹ̀ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn rẹ̀ wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn náà sí i lára. Irun rẹ̀ re tán, ẹnu rẹ̀ bó, omi ẹ̀kọ lásán ń ta á.

Ní gbogbo àwọn oṣù yẹn, ojú mi wà lára ọmọ mi, ọkàn mi wà lára ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bí mo bá ń nu èébì, mo ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún un. Wọ́n máa ń ní ká fi ìjà fún Ọlọ́run jà, ká fọwọ́ lẹ́rán. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti tọ́ mi, èmi náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn rí. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí Ọlọ́run ṣì fara balẹ̀, kí n kọ́kọ́ ja tèmi.

Nígbà tí ẹ̀rọ kò rí kókó kankan mọ́ nínú ọmọ náà, ẹbí dá ọjọ́ kan ní Ọ̀yọ́ láti dúpẹ́. Mo lọ bẹ dókítà kó kọ gbogbo bí àìsàn náà ṣe lọ sínú lẹ́tà kan fún mi. Ó kọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé ẹran àkọ́kọ́ kò dé ibi àyẹ̀wò, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ kí wọ́n tó mọ̀, pé kókó náà ti tóbi sí i gan-an. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ìlà kan wà lókè èyí tí n kò fẹ́ràn. Mo gé ìwé funfun pẹ́lẹ́ńbẹ́ kan, mo tẹ́ ẹ lé ìlà náà, mo sì ṣe ẹ̀dà méje. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ní kí n bá àwọn bo àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi sì mọ́ níbi iṣẹ́ náà.

Nígbà tí àáfà ṣe àdúà tán lọ́jọ́ náà, mo dìde. Mo pín lẹ́tà náà fún àwọn àgbà ilé, mo gbé ìgò náà sáàárín wọn, mo sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà sí Yorùbá. Ọkọ mi ń wolẹ̀. Baálé bi ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó rìn wá síwájú mi, ó sì kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, má bínú. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni."

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn ún, ó sì pẹ́ kó tó lè tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní í parọ́, ó dùn mọ́ mi wọnú egungun. Àwọn àgbà ń wo ẹnu mi kí n sọ pé ó ti tó. N kò ní kó dìde.

Ọmọ mi jókòó ti bàbá àgbà kan tí kò gbọ́ òyìnbó, ó gba ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ láti kà á fún un. Ó dúró lójijì. Ó gbé ìwé náà sókè sí mi, bó ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹ̀rọ bá fo nǹkan.

"Mọ́mì, ìgbà tí mo wà nílé kò sí níbí. Ojú ibẹ̀ funfun."

Baálé ní kí ló wà níbẹ̀. Ojúlówó lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi. Mo rò ó pé kí n parọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí. Mo yọ ọ́, mo sì ka ìlà náà fún wọn: ìyá ọmọ sọ pé nígbà tí òun rí ikùn rẹ̀, òun rò pé ó lóyún ni, òun sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méje kí aládùúgbò má bàa rí i. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ ọ́ fún dókítà, n kò mọ̀ pé wọ́n máa ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Kò kọ pé mo nà án. Kò kọ pé mò ń bi í ní orúkọ ọmọkùnrin tó ṣe é, tí ọmọ mi ń sunkún pé kò sí ẹnì kankan. Ìyẹn ni n kò sọ fún dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi bá a jà. Ọmọ mi ló lọ fi ọwọ́ sí i lábẹ́ apá, ó ní, "Ìyá Ọ̀yọ́, ẹ dìde," ó sì mú un jókòó sórí àga tèmi.

N kò tíì dárí ji obìnrin náà. Kì í ṣe ohun tí mo lè fi pamọ́. Ọmọ mi ti padà sí ilé ìwé, irun rẹ̀ ti hù, a sì jọ ń ṣe fọ́tókọ́pì ní ìrọ̀lẹ́. Kò tíì sọ fún mi bóyá òun ti dárí ji èmi náà. N kò sì tíì lè bi í.