Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Olóògbé

Ọkọ̀ kékeré tí mò ń wà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Atosin ti gbó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìyọnu mi. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin-mẹ́rin ló di táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, họ́ọ̀bù rẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n ń so táyà mọ́, sì kéré. Bí òjò bá ti rọ̀, tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó kòkó bá ti sọ ọ̀nà di kòtò, béárìn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ríìmù á sì tẹ̀. Ríìmù onínọ́ọ̀tì mẹ́rin tó ṣì gún kò wá rọrùn-ún rí mọ́.

Mẹkáníìkì mi, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjà Odode, ló mú ìmọ̀ràn wá.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí dà. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, irú kan náà ni wọ́n, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ tóbi jù ú lọ, nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ń lò. Tá a bá rí ọ̀kan tí wọ́n ti pa tì, ká tú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú bíréèkì rẹ̀, á bá tiyín mu rẹ́gí."

"Ṣé ká ṣe iwájú nìkan ná, Ọ̀gá?"

"Rárá o. Tá a bá máa ṣe é, gbogbo ẹ̀ la máa ṣe."

Kò pẹ́ tó fi pè mí pé òun ti rí ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń na ara ọkọ̀ lójú ọ̀nà Aládé. Ọkọ̀ náà ti takìtì. Òrùlé rẹ̀ ti wọnú, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì dúró ṣinṣin. Mo tẹ̀ síwájú láti wo inú rẹ̀. Tẹ̀súbáà aláwọ̀ ewé kan ṣì so rọ̀ mọ́ dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Mo mọ tẹ̀súbáà yẹn. Ọkọ obìnrin tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà, ọkùnrin kan tí kì í rí mi kó má pariwo pé, "Tíṣà àwọn ọmọ wa!" Ibi tó ti ń kó ọjà ìyàwó rẹ̀ bọ̀ láti Àkúrẹ́ nínú òjò ni ọkọ̀ náà ti gbé e ṣubú. Kò délé.

"Ọ̀gá, ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ tú u?"

"Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ló tà á. Obìnrin tó wà nínú opó, ta ló máa lọ bá a sọ̀rọ̀ irin?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu, nítorí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Mo ní kí wọ́n tú u.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Bàbá náà tú họ́ọ̀bù, ó tú díìsì bíréèkì tó fẹ̀ ju tèmi lọ, ó mú ríìmù rẹ̀ náà, ó sì mú sípíà táyà, nítorí pé sípíà tèmi kò ní wọ nọ́ọ̀tì márùn-ún láéláé. Lẹ́nu iṣẹ́ ló gbé padì bíréèkì, ìyẹn èyí tó ń fún díìsì mú kí ọkọ̀ lè dúró, sókè sí mi.

"Ẹ wò ó, tuntun ni. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀ ni."

Mo wò ó, mo sì yára gbójú kúrò.

Ọkọ̀ mi wá di ọ̀tun. Ó ń tẹlẹ̀ dáadáa, ó ń dúró nígbà tí mo bá ní kó dúró. Ṣùgbọ́n n kò lè tẹ bíréèkì kí n má rántí ọkùnrin náà. Ó dà bí ẹni pé mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ òkú, mo sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde opó tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ kí n lọ kí i. N kò lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo wá ń gbà kọjá. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi lọ kí i, mo ní orí ń fọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ ra aṣọ, Àkúrẹ́ ni mo lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kó aṣọ yúnífọ́ọ̀mù wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. N kò mọ̀ pé yóò wá. Mo jáde láti kíláàsì, mo sì rí i tó lóṣòó ti táyà iwájú ọkọ̀ mi, ó fi ọwọ́ lé ibì kan tí wẹ́dà ti jó pọ̀ lára ríìmù.

"Ìṣojú mi ni wọ́n ti jó ibí yìí," ló wí láìgbójú sókè. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ọkọ mi nìyí."

"Ìyá Aláṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"N ò bínú. Ìbéèrè kan ni mo ní, Tíṣà. Ẹni tó tú u, ṣé ó rí bíréèkì ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"Ọkọ mi sọ pé bíréèkì ń dún, pé òun fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ kó ọjà ọdún wálé. Àtìgbà tó ti kú ni mo ti ń sọ fún ara mi pé èmi ni mo pa á. N ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo sún mọ́ ọn.

"Padì náà tuntun ni," mo ní. "Mo fi ojú ara mi rí i."

"Àánú mi ló ń ṣe yín lẹ ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá mẹkáníìkì."

Ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ mi. Ó gun ọ̀kadà, èmi sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé Odode. Bàbá náà gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú nọ́ọ̀tì márààrún, ó yọ padì, ó sì gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Èyí tí mo bá lára ọkọ̀ yín nìyí, n ò pààrọ̀ ẹ̀. Tíṣà ti ń fi í rin ọ̀nà Atosin látìgbà náà, ẹ wo bó ṣe nípọn tó síbẹ̀. Ohun tó gbé ọkọ̀ yẹn ṣubú, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bíréèkì kọ́."

Obìnrin náà yí padì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á.

"Ó pààrọ̀ ẹ̀, kò sọ fún mi! Ó mọ̀ pé màá jà."

Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín epo àti irin, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo dúró tì í. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó bi mí pé:

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé tuntun ni?"

"Ọjọ́ tí wọ́n tú u."

"Mo ṣì wà nínú opó nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dá padì náà padà fún mẹkáníìkì. "Ẹ ì bá ti wá sọ fún mi, Tíṣà."

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Mo ní bó bá fẹ́, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀ mi. Ó ní rárá, kí n máa lò ó, kí n ṣáà máa rọra sáré.

A ti padà di oníbàárà ara wa. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa ń gbé àga fún mi kí n tó kí i tán, inúure yẹn sì ń dùn mí ju èébú lọ. Mo máa ń ro gbogbo òru tó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tí gbólóhùn kan láti ẹnu mi ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Kò tíì wọ ọkọ̀ mi rí. Lọ́jọ́ kan, òjò ká a mọ́ ìta ọjà, mo dúró, mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ. N kò lọ. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì jókòó síbẹ̀ títí tí tákísí kan fi dé tó gbé e.