Ọjọ́ Òdo Nínú Ìwé Òṣìṣẹ́

Òórùn tàdáwà àti ti òkun ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe akọ̀wé ní àdúgbò Hanoukopé, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso Lómé. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn a gba ojú fèrèsé wọlé, a máa ṣí ìwé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ewé kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni ń wá orúkọ ẹnì kan. Èmi a jókòó, ojú mi a máa kún fún oorun. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n nínú agboolé wa tí gbogbo ọkùnrin ti ń ta aṣọ, èmi nìkan ni mo ń wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán.

Ọjọ́ méjì ni mo ń kọ síwájú orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ọjọ́ tí owó oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ ọjọ́, lílé ni wọ́n ń lé e.

Ní oṣù kan, wọ́n gba opó kan tó wá láti Kétu, pé kó máa gbálẹ̀ kó sì máa pọnmi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi títí oṣù fi dé àárín. Mo bá pè é.

“Màmá, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀?”

“Akọ̀wé, òní gan-an ló pé ìtàdógún.”

Ó kà á bí gbogbo ilé wa ṣe ń kà á: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òní náà wà nínú rẹ̀. Èmi tí wọ́n fi ọjọ́ ọjà tọ́ dàgbà, ìṣirò ilé ìwé ni mo gbé jáde. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù la wà. Mo yọ mẹ́tàdínlógún kúrò nínú mẹ́tàdínlógún, òdo ló kù. Oṣù wo ló ní ọjọ́ òdo? Ojú tì mí láti béèrè. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀, mo kọ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, mo sì fẹnu fẹ́ ẹ kó gbẹ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òyìnbó aláyẹ̀wò dé. Ó fi ìka kan ọjọ́ yẹn, ó ní, “Dimanche.”

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ará Dàhòmì tó gbọ́ èdè wa, yíjú sí mi. “Akọ̀wé, ó ní ọjọ́ ìsinmi ni. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ó ní obìnrin yẹn purọ́, kí o fagi lé orúkọ rẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tara ìyá yìí ló máa bá mi dákẹ́, tèmi á máa lọ geere. Mo ti rí ara mi pé wọ́n lé mi níṣẹ́, tí mo ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Avépozo. Mo ti ki gègé bọ inú tàdáwà láti fagi lé e.

Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ pe ìyá náà wọlé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wò mí.

“Èmi ò mọ̀wé, mo mọ ọjọ́. Akọ̀wé, ọmọ mi, ṣé wọn kì í ka òní mọ́ ọn nílé yín ni?”

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó là. “Ọ̀gá, èmi ni mo ṣì í kà.” Mo fi ìka kà á lójú wọn láti ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo bi í léèrè lọ sẹ́yìn, mo ka ọjọ́ náà mọ́ ọn, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù, ló já sí. Wọ́n ní kí n tún un kọ. Wọ́n tún ní kí n fọwọ́ ara mi kọ àṣìṣe náà síwájú orúkọ tèmi, wọ́n sì sún àfikún owó oṣù mi síwájú ní ọdún kan gbáko. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, Akọ̀wé Ọjọ́ Òdo ni ọ̀gá ń pè mí.

Ìyá náà gbálẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ọjọ́ Ajé yẹn ni wọ́n sì fi ka iye ọdún tó fi sìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń kí mi di òní pé mo gba ìyá àwọn sílẹ̀. N kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó, mo máa ń rò ó pé ká ní wọn ò pè é wọlé ni, ǹ bá ti fagi lé e.