Ilé Tí Mọ́gàjí Ní Kúlúsúmù Ní

Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó máa bá tiyín lọ. Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kúlúsúmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, obìnrin tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Bẹẹrẹ. Bí télọ̀ bá ní máṣíìnì òun ń já òwú, á kàn fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, á ti mọ ibi tó ń dùn ún. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ọmọ méjì padà sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n sì fún un ní yàrá kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Zakariyya, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, fẹ́ gbéyàwó, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Kúlúsúmù. Wọ́n ní ọkùnrin ló nilé, kó ṣe sùúrù. Láti ìgbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun àtàwọn ọmọ ń sùn, ibi tí gbogbo ará ilé ń gbà lọ sí balùwẹ̀.

Ó wá gbọ́ pé àjọ kan ń ran àwọn tí kò tíì nílé rí lọ́wọ́. Tí èèyàn bá mú ìdajì owó àsansílẹ̀ wá, àjọ náà á san ìdajì yòókù, èèyàn á wọlé, á sì máa san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀. Yàrá méjì ni, lọ́nà Mọ́níyà. Kúlúsúmù lọ wò ó, ó ní ńṣe lòun ń ṣí ilẹ̀kùn tí òun tún ń tì í, bí ọmọdé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń tọ́jú owó, ìdajì tirẹ̀ sì ti pé. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìwé láti ọwọ́ olórí ẹbí pé kò nílé kankan.

Àlájì Àkíbù, Mọ́gàjí wọn, kọ̀wé náà, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Kúlúsúmù kò tú u wò. Ta ni yóò tú ìwé Mọ́gàjí wò? Ìyáàfin Felicia, akọ̀wé àjọ náà, ló kà á sí i létí: "Kúlúsúmù kì í ṣe aláìnílé. Ìpín rẹ̀ wà nínú agboolé wa láti ayé bàbá ńlá rẹ̀."

"Ẹ má bínú, mà," ni akọ̀wé wí. "Ẹ ti nílé nìyẹn. Àfi tí wọ́n bá kọ òmíràn kó tó di Jímọ̀."

Mo gbé máṣíìnì ìyá mi tọ Kúlúsúmù lọ lọ́jọ́ náà, mo sì bá a dé ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ òótọ́."

"Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọmọ wa ò nílé? Kí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú gbọ́? Ọmọ Ìbàdàn wo ni kò ní ilé bàbá?"

"Yàrá wo ni tèmi níbẹ̀? Ẹ nawọ́ sí i."

"O ti ń gbójú o, Kúlú."

"Ẹ kàn nawọ́ sí i, bàbá."

Bàbá ò nawọ́ síbì kankan. Zakariyya ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ilé náà kúkú ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dáa ju tiwa lọ."

Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Kí wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n tún wá fi yàrá tí wọ́n gbà ọ̀hún dí i lọ́nà. Ìyì, ìyì. Ta ni ìyì yẹn ń bọ́?

Jímọ̀ kọjá. Wọ́n fún tíṣà kan láti Yemetu ní ilé náà. Mi ò bínú sí ìyẹn. Nígbà tó di Sátidé, Kúlúsúmù ká ẹní rẹ̀, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ àtàwọn ọmọ méjèèjì, ó wọ pálọ̀ Mọ́gàjí lọ, ó sì tẹ́ ẹní sáàrin àwọn àga ńláńlá wọn. Bàbá ní kí ló dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa.

"Ẹ ti kọ ọ́ síwèé pé mo nílé níbí. Mo wá máa gbé inú rẹ̀ ni."

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Kò dìde. Àwọn télọ̀ ti ń gbé máṣíìnì wá bá a níbẹ̀, òróró ti ń ta sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ sọ̀kalẹ̀ láti Bẹẹrẹ, ẹ béèrè ilé Mọ́gàjí Àkíbù, kí ẹ yọjú sí pálọ̀ wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ máa bá a níbẹ̀.