Ẹyọ Dọ́là Tí Mo Pè Ní Wúrà

Ọmọbìnrin mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ẹyọ dọ́là kan ránṣẹ́ sí mi, owó onírin tó ń dán bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé nǹkan ẹ̀ṣọ́ lásán ni, pé ṣe ni wọ́n rì í bọ omi wúrà. Èmi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ fún àdúgbò wa ní Kubwa ni pé odindi wúrà ni, pé bí iná bá lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la fi ń ka Bíbélì. Nígbà tó yá, èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Màá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, màá máa fi àtàǹpàkò ra á, ayé á sì rọ̀ lójú mi bí òwú.

Àfi bí ìyàwó mi ṣe ní ká fi rọ yẹtí fún ọmọ-ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu etí rẹ̀. Mi ò lè jẹ́wọ́. Bí àwa àti ọmọ náà ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà ní Nyanya nìyẹn, ọmọ Ìlọrin kan tó ti di ará ibí.

Ó fi irin mímú ha etí owó náà. Wúrà ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà, idẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún ha á, bàbà pupa ló wà nínú lọ́hùn-ún. Mò ń wò ó bí ẹni tó ń lálàá.

"Kai, Bàbá," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "wúrà ara rẹ̀ ò tó kun èékánná. Ṣé kí n rọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n tún rì í? Màmá ò ní mọ̀."

"Etí ọmọ ńkọ́?"

"Tí omi wúrà yẹn bá ti ṣí, etí lè wú o."

Ìyàwó mi na ọrùn. "Kí lẹ̀ ń sọ sí etí ara yín? Ṣé wúrà ni àbí òun kọ́?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi: pé ooru Abuja ló sọ wúrà òyìnbó di pupa. Ṣùgbọ́n mo rí etí kékeré méjì yẹn, bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

"Wúrà kọ́," ni mo wí. "Mo sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìyàwó mi wo ọwọ́ mi. "Ó dáa, olówó orí mi. Èyí tó wà níka yín ńkọ́? Ìyẹn wúrà ni, ojú mi ni wọ́n ṣe rà á."

Òrùka ìgbéyàwó mi! Alágbẹ̀dẹ fi ọṣẹ sí i, ó fà á, mo ké bí ewúrẹ́, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nínú iná, òrùka náà di ẹ̀kán kan tó ń mì rìrì, mo sì wò ó títí tí n ò fi gbọ́ ariwo ọkọ̀ mọ́. Ojú ibi tó ti kúrò ní ìka mi funfun, ó sì tutù. Ìyàwó mi di ìka náà mú títí a fi dé Kubwa.