Ihò Ọwọ́ Bàbá Mi

Ó lé lógójì ọdún tí mo fi rò pé mò ń ríran. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni mí, ní Agoua lábẹ́ Bantè, mo sì ti pa ẹran tó tó ẹran. Ká ní ẹnìkan sọ fún mi nígbà yẹn pé ojú mi ní àléébù, à bá jọ wọ̀jà.

Lọ́dọ̀ wa, kí gbogbo ọdẹ tó jáde nígbà ẹ̀rùn láti lé àwọn ìmàdò tó ń hú iṣu wa, a máa ń kọ́kọ́ dán ojú wò lẹ́yìn oko, níbi tó jìnnà sí igbó ìjọba. Olórí Ọdẹ á so kèrègbè kékeré kan rọ̀ sórí igi oṣè. Ọta mẹ́ta ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fọ́ kèrègbè, o di adènà, ìwọ lo máa fi ìbọn dúró síbi tí ẹran máa gbà jáde. Bí o bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á fún ọ ní ọ̀pá, kí o lọ máa lu igbó, kí o máa fi ariwo lé ẹran wá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n fún bàbá mi ní ọ̀pá yẹn nígbà tí irun wọn ti funfun. Ìṣojú mi ni. Kí bàbá tó gbé ìbọn, wọ́n á ká ọwọ́ ọ̀tún wọn bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n á gbé e sójú, wọ́n á wo kèrègbè láti inú ihò bíńtín tó wà láàárín ìka. Wọ́n á ní, “Mo ti rí i.” Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé ìbọn, wọ́n á sì tàsé. Ẹ̀rín ń pa àwọn èèyàn kú lọ. Bàbá Oníhò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìtìjú bò mí, mo sì là á mọ́ wọn lójú gbogbo ayé: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́!” Wọ́n gba ọ̀pá, wọ́n sì ń fi lu igbó títí wọ́n fi kú. Èmi ni mo bọ́ sí ipò adènà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, lọ́wọ́ ọ̀tún Olórí Ọdẹ.

Ipò yìí ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, ọta kẹta ni mo tó fi ba kèrègbè, ọ̀rùn rẹ̀ lásán ni mo sì bà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu gbọ́, ó ra awò kan wá fún mi, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn. Ó ní bí mo bá wo inú rẹ̀, màá rí iná pupa kan bíńtín, ibi tí iná bá bà lé ni ọta ń lọ. Òun wò ó: ẹyọ kan. Ìyàwó mi wò ó, ó pariwo pé, “Ó mà dára o! Ó rí toro!” Èmi náà wò ó. Iná tèmi fọ́n ká, ó yọ ẹsẹ̀ márùn-ún, bí tòmátì tí èèyàn fi gìgísẹ̀ tẹ̀. Odindi ọdẹ kò kúkú lè sọ pé òun ò rí ohun tí ìyàwó òun rí.

Nígbà tí àbúrò mi lọ tán, mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe fún ìbọn tó bá ń ṣe ségesège. Mo gún ewé, mo pò ó mọ́ omi, mo rẹ awò oníbátìrì yẹn sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Iná ṣì ń tàn, òórùn ewé gba gbogbo ilé, ẹsẹ̀ márààrún sì pé síbẹ̀! Mo pe àbúrò mi, mo bú u bí ẹni láyin. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù ya fọ́tò iná náà ná.” Mo yà á. Mo fẹ fọ́tò náà títí, ẹyọ iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Inú wá bí mi sí fóònù.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n so kèrègbè, mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, dé Bantè, mo wọ mọ́tò lọ sí Savalou, lọ́dọ̀ obìnrin ẹ̀yà Mahi kan tó ń tọ́jú ojú. Awò ni mo gbé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi wo ohun tó ṣe é.

“Páápà, ṣé awò ni mò ń tọ́jú ni?” Ó gbé e sí iwájú ojú mi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. “Ṣé ẹsẹ̀ iná náà ń yí?”

“Rárá, wọ́n dúró sójú kan.”

“Ó dáa. Ẹ wá tẹ orí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan.”

Mo tẹ̀ ẹ́. Yéè! Gbogbo ẹsẹ̀ náà bá mi tẹ̀.

“Nínú ojú yín ni wọ́n ń gbé, Páápà.”

Ó ní ó yẹ kí iwájú ẹyin ojú rí roboto bí ọsàn, ṣùgbọ́n tèmi gùn díẹ̀ bí ẹyin adìẹ, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ kì í pàdé sójú kan. Astigmatísìmù ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Wọ́n lè bí i mọ́ èèyàn. Ó mú bébà dúdú kan tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu, ó ní kí n wo iná láti inú ihò rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ti lọ. Ẹyọ kan, toro.

Mo dìde, mo gbé bébà náà dé ojú fèrèsé. Mo rí ewé máńgòrò tó wà ní òdìkejì títì, kì í ṣe ìdì ewé o, ewé níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú etí wọn. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ẹ̀rù. Mo ní, “Báyìí ni gbogbo yín ṣe ń rí ayé látọjọ́ yìí, tí ẹ ò sọ fún èèyàn?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní jígí mi máa ti Kútọnu wá, kò sì lè dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. “Ihò kékeré ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣìnà. Kódà bí ẹ ò bá ní bébà, ẹ kàn ká ọwọ́ yín báyìí.” Ó ká ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sójú.

Mo jókòó. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ń padà, mo ní kí onízẹ́mì dúró lẹ́bàá oko kajú kan. Mo ká ọwọ́ mi bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe. Èso kajú tó wà lókè pátápátá, mo rí i, àti kóró tó rọ̀ sí ìdí rẹ̀. Bàbá mi ò purọ́. Wọ́n rí kèrègbè yẹn. Ṣùgbọ́n ìbọn gba ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n bá ti tú ọwọ́ wọn ká láti gbé e, ihò lọ nìyẹn. Mo sunkún lójú onízẹ́mì yẹn láìtijú.

Ìlẹ̀mọ́ dúdú tí àwọn oníná fi ń wé wáyà ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn awò, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i. Lọ́jọ́ kèrègbè, wọ́n rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ Bàbá Oníhò!” Mo ní, “Èmi náà ni.” Ọta àkọ́kọ́ bó èèpo igi. Mo mí kanlẹ̀, mo gbé iná pupa náà lé àárín ikùn kèrègbè, mo yìn ín. Kèrègbè fọ́ yángá.

Olórí Ọdẹ, tó ti darúgbó gan-an báyìí, wá bá mi, wọ́n wo ihò náà títí. “Ta ló kọ́ ọ?”

“Bàbá mi ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń rí kèrègbè yín. Ọwọ́ kẹta ni wọn ò ní.”

Wọ́n ká ọwọ́ wọn, wọ́n gbé e sójú, wọ́n kọjú sí igi oṣè. Wọ́n wá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, wọ́n ní:

“Èmi ni mo gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.”

“Èmi náà ni mo bú wọn.”

Wọ́n ní kí n lọ gbé ọ̀pá bàbá mi wá láti orí àjà ilé wa. Mo gbé e wá. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n nu eruku rẹ̀ kúrò, wọ́n sì gbé e ti igi níbi tí àwa adènà ń gbé ìbọn wa tì.