Lẹ́tà Olóǹtẹ̀ Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀

Mo rántí ọjọ́ tí ìyá oní-tẹlifóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa n'Ọ̀wọ̀ figbe bọnu. Orí ọmọ mi obìnrin wà láàárín orúnkún mi, mo ń di irun rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó oníkọ̀ǹpútà, sáré bọ̀! Wọ́n ń pè ọ́ láti ìlú òyìnbó!" Mo fi ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá kan orí dídì, apá kejì bí igbó, mo sì sáré lọ.

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti fi oṣù mẹ́ta kọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì rò pé kò sí ohun tó kù tí mi ò mọ̀. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ọkọ mi ní Ìfọ̀n ní kí n máa ṣe ojú ìwé ìlú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun lè máa rí ìròyìn ilé kà. Àṣẹ kan ṣoṣo ni Baba alága pa: lẹ́tà ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ hàn tòun ti òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé òun. "Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ìyàwó, ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà ni." Nítorí náà mi ò tẹ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà rí. Ńṣe ni mo ń ya odindi rẹ̀ ní àwòrán sínú dísìkì, tí mo ń fún awakọ̀ gbé lọ bá ọmọ ìlú kan l'Ékòó, ẹni tó ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òǹtẹ̀ a sì hàn rekete. Mo ń yangàn bíi pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Ohùn ọkùnrin kan ló wà lórí tẹlifóònù. "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Kí ló wà nínú lẹ́tà oṣù yìí?"

Mo ní, "Ṣebí ó wà níwájú yín, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà níwájú mi lóòótọ́. Afọ́jú ni mí. Kọ̀ǹpútà mi ló ń ka ìwé sí mi létí. Bó bá ti dé orí tìẹ, 'àwòrán' ló ń wí lédè òyìnbó, a sì panu mọ́."

Ẹnìkan ti sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fẹ ojú ọ̀nà ìlú, pé ọ̀rọ̀ sàréè wà níbẹ̀. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, iwájú ilé wọn lẹ́bàá ọ̀nà náà ni wọ́n sì sin ìyá sí. Mo mọ lẹ́tà náà sórí: ìdílé tí kò bá ránṣẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kó òkú wọn lọ, ẹgbẹ́ yóò kó o lọ sí itẹ́ òkú gbogbogbòò. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Mo sọ ọ́ fún un.

"Ẹ̀yìnkùlé," ló wí. "Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Jọ̀ọ́, ìyàwó."

Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mi ò lè pa á mọ́ra. Mo bi í bó ṣe ń mọ ibi tó máa tẹ̀. Ó ní bọ́tìnì nìkan lòun ń tẹ̀, etí ló ń tọ́ òun sọ́nà. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi ìró bo ojú kọ̀ǹpútà, mo ní kí n dán an wò. Mo ṣí ohun tí kò yẹ, mo pa ohun tí kò yẹ, mo nu lẹ́tà oníbàárà kan dànù. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀n. Baba alága gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mirí. "Àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà láìsí òǹtẹ̀ kẹ̀?"

"Etí ni tirẹ̀ wà, Baba. Òǹtẹ̀ yín kò bá a sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ lẹ sì fẹ́ gbé."

Ó wò mí sùn-ùn. Ó fa ìwé ńlá yọ, ó kọ "ẹ̀yìnkùlé" síbẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú gbàgà. "Tẹ ọ̀rọ̀ náà fún un. Àmọ́ má yọ òǹtẹ̀ mi o!"

Mi ò yọ ọ́. Mo tẹ lẹ́tà náà láti orí dé ìdí, mo fi àwòrán òǹtẹ̀ sísàlẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán náà, níbi tí ojú kì í rí, pé òǹtẹ̀ nìyí, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé lè kà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí mo ti tẹ lẹ́tà oṣù tó tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ náà, ọkùnrin yẹn tún pè. Ó gbé tẹlifóònù sẹ́nu kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn òyìnbó kan tó ń fi imú ka Yorùbá wa, bí àlejò àlùfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àga ìwàásù. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó kà á débi pé wọ́n ti tẹ́ ìyá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó kà á dé orí òǹtẹ̀ Baba alága.

"Èmi fúnra mi ni mo kà á," ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Mo ti ṣe ojú ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, síbẹ̀ mo ṣì ń rántí bí ojú mi méjèèjì ṣe ń tàn mí jẹ nígbà yẹn, pé ohun tí mo bá ti rí, gbogbo ayé ló rí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tún pè yẹn, ọmọ mi dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mo ń tẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣe ń kọ ọ́ pé òǹtẹ̀ nìyí? Ṣé a ò rí i ni?"

Mo ní, "Àwa rí i. Ẹnìkan wà tí kò rí i, ìlú tiẹ̀ náà sì ni."